Kí Ni Ọkọ̀ Roqeeb Ń Kọ̀?

Ọjọ́ tí Hassanat kọ́kọ́ rí Àdìgún, oòrùn ń mú ganrín-ganrín, ọkọ̀ rẹ̀ sì ti kọ̀ ní àdúgbò Glass ní ìlú Libreville. Ó lọ kó abọ́ oníke tó ń tà lọ́wọ́ oníṣòwò kan tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà lójú ọ̀nà tó gun òkè láti etí òkun. Nígbà tó kó ẹrù sínú ọkọ̀ tán, tó yí kọ́kọ́rọ́, ẹ́ńjìnnì ń yí, ó ń yí, ṣùgbọ́n kò gbà.

Ọkùnrin kan ń kọjá lọ, ó gbé àpò irinṣẹ́ kọ́ èjìká, ó ń sọ Yorùbá lórí fóònù. Hassanat dúró kó sọ̀rọ̀ tán, ló bá pè é. Ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀gbọ́n, mọ́tò mi ò fẹ́ dáhùn."

Ọkùnrin náà wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó bèèrè pé mọ́tò dà. Hassanat nawọ́ sí ọkọ̀ tó fara tì. Ni ọkùnrin náà bá rẹ́rìn-ín. Ó ní kí wọ́n má bínú, pé ní Pobè tí òun ti wá, lódìkejì bodè ní ilẹ̀ Benin, alùpùpù ni wọ́n ń pè ní mọ́tò, alùpùpù ni òun sì ń wá kiri. Bí inú ṣe ń bí Hassanat tó, òun náà rẹ́rìn-ín.

Ọkùnrin náà kò ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì. Ó kàn ní kó tún yí i, ó sì tẹ́tí sí i bí ẹni tí wọ́n ń rọ́ àlá fún. Lẹ́yìn ìgbà mélòó kan, ẹ́ńjìnnì wúkọ́, ó rú èéfín funfun, ó gbà. Hassanat bẹ̀rẹ̀ sí í dúpẹ́, ṣùgbọ́n ojú ọkùnrin náà kò fi hàn pé inú rẹ̀ dùn.

Ó ní, "Ó ti gbà kí n tó mọ ohun tó ń ṣe é. Àìsàn tó bá rí mi tó sá, mo máa ń fẹ́ mọ ibi tó sá lọ."

Ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í bèèrè ọ̀rọ̀. Ṣé àárọ̀ ló máa ń kọ̀ ni, àbí ìgbà tó bá gbóná? Ṣé ojoojúmọ́ ni? Hassanat ní kò ní àkókò kan pàtó, ó lè ṣe dáadáa fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, kó wá kọ̀ lọ́jọ́ tí èèyàn kò retí. Àwọn mẹkáníìkì ti pààrọ̀ bátìrì, wọ́n ti pààrọ̀ sítátà, wọ́n ti pààrọ̀ àwọn págù tó máa ń mú ẹ́ńjìnnì díísù gbóná. Àdìgún ní ti bátìrì kọ́, nítorí ẹni tí ebi ń pa kì í yí pẹ̀lú agbára bẹ́ẹ̀. Ti págù ńkọ́? Ìlú olótùútù ni wọ́n ti ń nílò ìyẹn, ní Libreville, omi ẹ̀rọ gan-an ń lọ́ wọ́ọ́wọ́. Ó fún un ní nọ́ńbà rẹ̀, ó ní bó bá tún kọ̀, kó má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn án.

Ọkọ̀ náà kì í ṣe ti Hassanat tẹ́lẹ̀. Ti Roqeeb ọkọ rẹ̀ ni, tó ti kú láti nǹkan bí ọdún méjì. Ọmọ Òfà ni àwọn méjèèjì. Alhaji Buraimoh, ẹ̀gbọ́n Roqeeb, ló mú wọn wá sí Gabon, tó fi wọ́n sí ṣọ́ọ̀bù ní àdúgbò Lalala. Nígbà tí Roqeeb kú, Hassanat fi aṣọ rẹ̀ tọrẹ, ó fi bàtà rẹ̀ tọrẹ, ṣùgbọ́n ọkọ̀ díísù yìí, kò jẹ́ kó lọ.

Ìgbà tó tún kọ̀, ó pe Àdìgún. Kí ìyẹn tó dé, ó ti gbà. Ó ṣẹlẹ̀ bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i, ó tún ṣẹlẹ̀. Àdìgún ní òun kò lè ṣe ìtọ́jú aláìsàn tó jẹ́ pé ẹ̀yìn òun ló ti ń ṣàìsàn, ó kúkú yá kí òun máa bá wọn rìn. Láti ọjọ́ náà, bí Hassanat bá fẹ́ gbé ọjà lọ fún oníbàárà, Àdìgún á pa ṣọ́ọ̀bù mẹkáníìkì rẹ̀ dé, á jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Ọkùnrin náà fẹ́ràn ìbéèrè ju oúnjẹ lọ. Ó fẹ́ mọ ìdí tí abọ́ pupa fi ń yá tà ju abọ́ búlúù lọ. Ó fẹ́ mọ ohun tí àwọn ará Òfà ń pe kòkòrò tó ń dún lálẹ́, kó lè fi wé ti Pobè. Hassanat a máa dá a lóhùn, nígbà tó yá òun náà bẹ̀rẹ̀ sí í bi í léèrè. Ó wá yé e lọ́jọ́ kan pé láti ìgbà tí Roqeeb ti kú, kò sẹ́ni tó bi òun ní ohun kan tí kì í ṣe pé wọ́n ti mọ ìdáhùn rẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ara rẹ̀ yá gágá. Ẹ̀rù sì bà á pé ara òun yá.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, wọ́n jókòó sínú ọkọ̀ níwájú ilé oníbàárà kan. Gbogbo ìgbà tí wọ́n yí i ló ń gbà.

Àdìgún ní, "Hassanat." Ọjọ́ náà ló kọ́kọ́ pe orúkọ rẹ̀, Màmá Faridah ló ń pè é tẹ́lẹ̀. "Bí ọkọ̀ yìí bá sàn lónìí, kí ni màá wí pé mo wá ṣe lọ́la?"

Hassanat di sítíárìn mú pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì, bẹ́ẹ̀ ọkọ̀ kò rìn.

Ó ní, "Ẹ ṣáà máa bọ̀. Ẹ má wí nǹkan kan."

"Ṣé o mọ ohun tí ò ń sọ, olólùfẹ́?"

"Mo mọ̀ ọ́n. Mo ti ń rò ó láti ọjọ́ tó ti pẹ́."

Bí ìfẹ́ wọn ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Nígbà tí Hassanat sọ fún Faridah ọmọ rẹ̀ tó wà ní yunifásítì, ọmọ náà rẹ́rìn-ín, ó fi Faransé sọ pé òun ti ń retí kí màmá òun sọ ọ́, pé ó ti sú òun láti máa ṣe bí ẹni tí kò rí nǹkan kan. Bàbá Hassanat tó wà ní Òfà ní Alhaji ló dúró fún àwọn ní Gabon, bí Alhaji bá ti fọwọ́ sí i, òun náà ti fọwọ́ sí i.

Alhaji Buraimoh kò kọ̀, kò sì yára gbà. Ó bèèrè nípa ìrun ọkùnrin náà àti àwọn èèyàn rẹ̀. Nígbẹ̀yìn, ó ní òun á lọ kí Àràmátù, ẹ̀gbọ́n Àdìgún obìnrin, nílé rẹ̀. Ní àkókò yìí, Àdìgún ti rí wáyà kan tó dẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ páǹpù epo, ó ti so ó le, ọkọ̀ náà kò sì kọ̀ mọ́ fún ìgbà díẹ̀. Ó dá a lójú pé ó ti parí.

Lórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ òkè kan lẹ́yìn Lalala ni Àràmátù ń gbé. Lẹ́yìn ìrun Jímọ́ọ̀, Hassanat fi ọkọ̀ Roqeeb gbé Alhaji lọ. Wọ́n gbà wọ́n tọwọ́tẹsẹ̀, wọ́n jẹ, wọ́n ṣe àdúà, wọ́n tilẹ̀ ti ń sọ ọjọ́ tí wọ́n á so yìgì. Gbogbo ilé, àti Àdìgún pẹ̀lú, sìn wọ́n jáde. Hassanat yí kọ́kọ́rọ́. Ẹ́ńjìnnì ń yí, kò gbà. Ó tún yí i títí ojú fi ń tì í.

Àdìgún ti ń bọ̀ pẹ̀lú irinṣẹ́, ṣùgbọ́n Alhaji gbé ọwọ́ sókè láti ibi tó jókòó sí.

Ó ní, "Má fọwọ́ kàn án." Ohùn rẹ̀ kò le, ó dà bí ẹni tó fẹ́ sunkún. "Ìyàwó, ọkọ̀ yìí kò kọ̀ rí níwájú ilé mi. Kò kọ̀ rí níwájú ṣọ́ọ̀bù tí mo rà fún yín. Ibí ló wá kọ̀ sí. Ta ló ni ín? Àbúrò mi ló ń bá wa sọ̀rọ̀ yìí."

Wọ́n wọ takisí lọ. Kò sẹ́ni tó sọ ọjọ́ yìgì mọ́. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, Hassanat nìkan ló padà lọ gbé ọkọ̀ náà, lẹ́yìn ọ̀pọ̀ wàhálà.

Hassanat kì í ṣe ẹni tó gbà pé òkú ń wa ọkọ̀. Síbẹ̀, ó rò ó pé bóyá òun ti yára gbàgbé. Ó sọ fún Àdìgún lórí fóònù pé kó má wá mọ́ ná.

Àdìgún ní, "Mo gbọ́. Ṣùgbọ́n ó kọ̀ ní Glass kí o tó mọ̀ mí. Kí ló ń kọ̀ níbẹ̀?"

Hassanat gbé ìbéèrè náà sùn, ó gbé e jí. Bó ṣe ń ta abọ́ ló ń ro gbogbo ibi tí ọkọ̀ náà ti kọ̀ rí. Glass, lójú ọ̀nà tó gun òkè. Ilé Àràmátù, lórí òkè. Ilé oníbàárà kan tí wọ́n kọ́ sí ẹ̀gbẹ́ òkè. Ní Lalala níwájú ṣọ́ọ̀bù, ilẹ̀ tẹ́jú. Ní Plaine Orety níbi tí Alhaji ń gbé, ilẹ̀ tẹ́jú pẹrẹsẹ. Ṣé òkè ni ọkọ̀ kórìíra ni? Àmọ́ ó ti gbé Àdìgún lọ sọ́dọ̀ Àràmátù rí, tó gbà lọ́gán. Ó ronú títí, ó rántí pé ọjọ́ náà, ilé epo ni wọ́n ti ń bọ̀.

Ó rọ epo kún táǹkì, ó gbé e lọ sí Glass, ó dojú rẹ̀ kọ òkè, ó wọ ṣọ́ọ̀bù lọ bá wọn tàkúrọ̀sọ. Nígbà tó padà, ó yí i, ó gbà. Ó dúró títí epo fi lọ sílẹ̀ dáadáa, ó tún gbé e lọ síbẹ̀. Ó kọ̀. Nígbà tó fi agídí gbà, ó yí ọkọ̀ náà padà, ó dojú rẹ̀ kọ òkun, ó dúró bó ṣe dúró tẹ́lẹ̀. Ó yí i, ó gbà. Hassanat nìkan jókòó sínú ọkọ̀, ó ń rẹ́rìn-ín bí ọmọdé.

Ó wù ú kó pe Àdìgún, ṣùgbọ́n Plaine Orety ló gbà lọ tààrà.

Ó kúnlẹ̀ kí Alhaji, ó ní, "Alhaji, bí ó bá jẹ́ Roqeeb ló ń bá wa sọ̀rọ̀, kí ló dé tó jẹ́ ìgbà tí epo bá kù díẹ̀, tí imú ọkọ̀ sì wà lókè, ni ó máa ń sọ̀rọ̀?"

Alhaji ní kí wọ́n wá fi han òun.

Òwúrọ̀ Sunday ni wọ́n lọ sí Glass, gbogbo ṣọ́ọ̀bù wà ní títì. Àdìgún, tí Hassanat ti pè, mú rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ kan wá, tí èèyàn lè rí inú rẹ̀ kedere bíi èyí tí wọ́n fi ń fa omi sí aláìsàn lára. Ó fi í sí ojú ibi tí epo ti ń kọjá lọ sí páǹpù. Wọ́n ṣáná sí ọkọ̀, wọ́n rí epo tó kún inú rọ́bà náà, ó ń dán. Wọ́n pa á, imú rẹ̀ wà lókè, wọ́n lọ jókòó sí etí gọ́tà. Alhaji kò bá Àdìgún sọ̀rọ̀ lákọ̀ọ́kọ́, nígbà tó yá ó bi í bóyá òjò ń pọ̀ ní Pobè.

Nígbà tí wọ́n padà, Alhaji fúnra rẹ̀ ló bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ wò ó. Rọ́bà ti ṣófo. Epo ti rọra ṣàn padà sẹ́yìn sínú táǹkì. Hassanat yí kọ́kọ́rọ́, ọkọ̀ kọ̀.

Àdìgún wọ abẹ́ ọkọ̀, ó ń fi ìka tọ ọ̀nà epo lẹ́sẹẹsẹ. Ó ní òun ti rí i. Rọ́bà kan ló sán, ojú ibi tó sán kò ju irun orí lọ. Epo kì í jò síta níbẹ̀, ìdí nìyẹn tí òun náà kò fi rí i, tí òun fi lọ ń so wáyà. Afẹ́fẹ́ ló ń gba ibẹ̀ wọlé. Bí ilẹ̀ bá tẹ́jú, tàbí tí epo bá pọ̀ ní táǹkì, epo kì í lè padà sẹ́yìn. Ó yọ rọ́bà náà, ó fi tuntun sí i. Wọ́n tún dúró bó ṣe yẹ. Hassanat yí i lẹ́ẹ̀kan péré, ó gbà.

Inú Hassanat dùn, ó yíjú sí Alhaji. Alhaji ti lọ jókòó sínú ọkọ̀, ó di ilẹ̀kùn mú.

Ó ní, "Òun kọ́, àbí?"

"Òun kọ́, Alhaji."

"Mo fẹ́ kó jẹ́ òun ni." Ó sọ ọ́ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́. "Láti ọjọ́ tó ti lọ, mi ò lá àlá rẹ̀ rí. Nígbà tí ọkọ̀ yìí kọ̀ lọ́jọ́ yẹn, kí Ọlọ́run dárí jì mí, inú mi dùn. Mo rò pé ó rántí wa ni."

Omi bọ́ lójú Hassanat. Ó ti ń rò pé Alhaji kò fẹ́ kí òun lọ́kọ ni. Kò mọ̀ pé láti ọdún méjì, ẹni kan náà ni àwọn méjèèjì ń sunkún rẹ̀, olúkúlùkù nínú yàrá tirẹ̀. Ó jókòó tì í. Àdìgún rí wọn, ó gbé irinṣẹ́ rẹ̀, ó rìn lọ síhà òkun.

Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀, Alhaji nu ojú. Ó ní kí wọ́n fún òun ní rọ́bà tó sán náà, ó fi í sápò.

Ó ní, "Ẹni tó lọ ti dákẹ́. Àwa tó kù ló yẹ ká máa sọ̀rọ̀. Pe ọkùnrin yẹn wá, àbúrò mi."

Hassanat dìde lọ pe Àdìgún. Láti ọjọ́ tí Hassanat ti wọ ilé wọn, Ìyàwó nìkan ni Alhaji ń pè é, kò pè é ní àbúrò rí.

Pálọ̀ Alhaji ni wọ́n ti so yìgì. Kò pọ̀ jù, àwọn ará Òfà àti àwọn ará Pobè kún yàrá kan, Faridah ń pín oúnjẹ. Bí wọ́n ṣe ń múra láti lọ, òjò ńlá dé, kò sẹ́ni tó lè jáde. Àdìgún wá jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyàwó rẹ̀.

Ó ní, "Ohun kan wà tí mi ò tíì bi ọ́ rí. Irú èèyàn wo ni Roqeeb?"

Hassanat wo ojú rẹ̀ bóyá ó mọ ohun tó ń bèèrè. Ó mọ̀ ọ́n. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ bí Roqeeb ṣe ra àgbò ọdún kan, tí àgbò náà já okùn, tí wọ́n lé e títí dé etí òkun. Kò tíì sọ ọ́ dé ìdajì tí Alhaji fi pariwo láti òdìkejì yàrá pé bẹ́ẹ̀ kọ́ ló ṣe ṣẹlẹ̀, pé òun wà níbẹ̀. Ó gbé àga rẹ̀ sún mọ́ wọn, ó sì ń sọ ọ́ títí òjò fi dá.