Àwẹ̀ró Kò Dáhùn

"Ọjọ́ méjì péré ni, Mọ́mì," ni Yéjídé wí, ó na fóònù rẹ̀ sí ìyá rẹ̀. "Ẹsẹ̀ la máa fi rìn. A máa bẹ̀rẹ̀ lórí ọ̀nà pákó tí wọ́n kàn sórí omi, a máa wo àlàpà ilé iṣẹ́ aṣọ àtijọ́, ká tó dé ibi tí odò ti ń dà wálẹ̀ látorí àpáta. Ilé Aunty Bọ́sẹ̀ la máa sùn. Láti ìgbà tí ọlidé spring break ti bẹ̀rẹ̀, mi ò tíì kúrò ní Riverdale yìí."

Nọ́ọ̀sì ni ìyá rẹ̀, ó ń wá kọ́kọ́rọ́ mọ́tò rẹ̀ kó lè lọ síbi iṣẹ́. "Ẹ lè lọ, àmọ́ Màmá máa bá yín lọ. Double shift ni mo ní, iṣẹ́ méjì léra, kò ní sẹ́ni tó máa wà nílé pẹ̀lú wọn."

Ojú Yéjídé kọ́rẹ́ lọ́wọ́. Màmá, ìyá tó bí ìyá rẹ̀, ti Ìkirè dé sí ìlú òyìnbó ní ìgbà òtútù, wọ́n sì ti ń gbàgbé nǹkan. Wọn kì í pe Yéjídé lórúkọ. Oríkì rẹ̀, Àwẹ̀ró, ni wọ́n máa ń pè, wọ́n á sì fa ohùn. Nílé, ó máa ń dùn mọ́ ọn. Níta ńkọ́? Á dà bíi kí ilẹ̀ lanu kó gbé e mì.

Tiwa àti Praise, àwọn ọ̀rẹ́ Yéjídé ní ṣọ́ọ̀ṣì, pàdé wọn létí odò. Màmá ń rìn díẹ̀díẹ̀ pẹ̀lú ìró àti sálúbàtà, wọ́n ń kí gbogbo òyìnbó tó ń sáré kọjá pé, "Ẹ kú ìrìn o."

Tiwa rẹ́rìn-ín. "Bí a bá ń rìn báyìí, a ò ní débì kankan lónìí."

Ojú ti Yéjídé. Nígbà tí àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ti ṣíwájú, ó fi Màmá jókòó sórí bẹ́ńṣì kan. "Màmá, ẹ dúró síbí. Mò ń bọ̀ báyìí."

"Má pẹ́ o, Àwẹ̀ró mi."

Ó pẹ́. Wọ́n ń ya fọ́tò nínú àlàpà náà nígbà tí ohùn kan dún láti ìsàlẹ̀: "Àwẹ̀ró o! Àwẹ̀ró!"

"Ṣé Màmá yín kọ́ nìyẹn?" ni Praise bi í. "Ta ni Àwẹ̀ró?"

Yéjídé wo ojú Tiwa. "Mi ò mọ̀. Wọ́n kàn máa ń pe orúkọ kiri ni."

Ohùn náà tún dún lẹ́ẹ̀kan sí i, ó sì dákẹ́. Nígbà tí wọ́n padà, bẹ́ńṣì ti ṣófo. Sálúbàtà kan wà nínú ẹrẹ̀ létí omi. Àwọn ọlọ́kọ̀ ojú omi méjì ló fa Màmá jáde láàárín àpáta.

Egungun ìdí Màmá ṣẹ́, òtútù omi sì wọ̀ wọ́n lára. Nílé ìwòsàn, Mọ́mì ò pariwo. Ó kàn wí pé, "O ṣètò ìrìn yẹn dáadáa, Yéjídé. Màmá nìkan ni o ò fi sí i."

Yéjídé kúnlẹ̀ ti ibùsùn, ó ń sunkún. "Màmá, ẹ dárí jì mí. Èmi ni, Àwẹ̀ró."

Màmá wò ó títí. "Ọmọ dáadáa, má sunkún," ni wọ́n wí. "Ìwọ kọ́ ni Àwẹ̀ró. Mo pe Àwẹ̀ró, kò dáhùn. Odò ti gbé e lọ. Mo wọ inú omi lọ wá a, mi ò rí i."

Kò sí ọ̀rọ̀ tó lè yí èyí padà lọ́kàn Màmá. Tiwa àti Praise fi ọ̀rọ̀ ìbánikẹ́dùn ránṣẹ́ lórí fóònù, ó parí síbẹ̀. Títí Màmá fi kú kí ìgbà ooru tó tán, ẹnikẹ́ni ò pe Yéjídé ní oríkì rẹ̀ mọ́. Ẹni tó bá sọ ilé nù, àpò ìyà ló so kọ́. Ẹ̀yin ọ̀dọ́, bí ẹni tó fẹ́ràn yín bá pè yín lójú ọ̀rẹ́, ẹ dáhùn.