Orin Zorka tí Màmá Kò Gbọ́

Ẹni tó bá fẹ́ lè pè mí ní òpùrọ́. Ojú mi ló ṣe, etí mi ló gbọ́ ọ, gbogbo abúlé wa tó wà lórí òkè, lẹ́yìn ìlú Trieste ní Ítálì, sì lè jẹ́rìí sí i.

Zorka ni ẹ̀gbọ́n mi. Ẹ̀yin tí ẹ ra àwo orin rẹ̀ kò mọ orúkọ yẹn. Nadia Corvel lẹ mọ̀ ọ́n sí. Ó kọrin ní èdè Ítálì, ní Jámánì, ní Faransé, ní Gíríìkì. Ìlú kọ̀ọ̀kan ló ń sọ pé ọmọ àwọn ni. Èdè Slovenia tí wọ́n fi tọ́ wa dàgbà nìkan ni kò fi kọrin rí.

Nígbà tí Màmá wà lọ́mọge, ìjọba Ítálì fòfin de èdè náà. Wọ́n na bàbá wa bí ẹní máa kú torí pé ó fi kọrin nílé ọtí. Ìdí nìyẹn tí Màmá fi ń bẹ Zorka nígbàkigbà tó bá wálé pé kó fi èdè wa kọ ẹyọ orin kan péré fún òun. Zorka á rẹ́rìn-ín.

"Màmá, ta ló máa rà á? Ẹ̀yin àti ewúrẹ́ yín?"

Màmá náà á rẹ́rìn-ín, á sì yíjú sí ìkòkò ọbẹ̀. Nígbà kan mo rí i tó ń nu ojú.

Zorka kú sí Paris. Wọ́n sin ín tán kí wọ́n tó sọ fún wa. Nígbà tó yá, olórí abúlé ní kí a lẹ òkúta pẹlẹbẹ tí wọ́n kọ orúkọ rẹ̀ sí mọ́ ara ògiri ilé wa, kí wọ́n lè máa rántí rẹ̀. Ọkùnrin kan wá láti iléeṣẹ́ tó ń ṣe àwo rẹ̀ ní Faransé. Lẹ́yìn Máàsì ọjọ́ Àìkú, ó gbé ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń gbọ́ àwo sójú fèrèsé, ó sì fi orin Faransé kan tí gbogbo wa mọ̀ dunjú sí i.

Afẹ́fẹ́ líle tí à ń pè ní bora ti ń jà láti àárọ̀. Ó dákẹ́. Ewé kan ò mì. Ohun èlò orin bẹ̀rẹ̀, lẹ́yìn náà ni ohùn ẹ̀gbọ́n mi jáde.

Èdè wa ló fi ń kọ ọ́.

Kì í ṣe ti inú ìwé. Tiwa gan-an ni, bí a ṣe ń gé ọ̀rọ̀ jẹ lágbàlá. Marta oníbúrẹ́dì kúnlẹ̀ sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Olórí abúlé ṣí fìlà. Mo yọ́ lọ bá àlejò náà, mo bi í pé èdè wo ló ń gbọ́. Ó wò mí bí ẹni tó ń wo wèrè. Ó ní Faransé ni, kí ló tún fẹ́ jẹ́?

Orin parí. Àwọn èèyàn ń sunkún. Màmá wà lórí àga rẹ̀, ó fà mí láṣọ.

"Ìgbà wo ló máa bẹ̀rẹ̀?"

"Ta ni, Màmá?"

"Zorka. Fèrè àti dùùrù nìkan ni mò ń gbọ́. Kí ni Marta ń sunkún sí?"

Mo sọ fún un. Mo ní ó ti kọ ọ́, ní èdè wa, gbogbo wa la gbọ́. Ojú rẹ̀ le.

"Má fi mí ṣe yẹ̀yẹ́, Vida."

Nígbà tí a wọlé, a fi gbogbo àwo Zorka tó wà nílé sí ẹ̀rọ lọ́kọ̀ọ̀kan. Èmi ń gbọ́ Ítálì, mo ń gbọ́ Jámánì, bí wọ́n ṣe wà tẹ́lẹ̀. Màmá kò gbọ́ ohùn kankan. Ó ń gbọ́ ológbò lẹ́yìn ilẹ̀kùn, ó ń gbọ́ omi tó ń hó. Ohùn Zorka nìkan ni kò wọ etí rẹ̀.

Níkẹyìn ó ní, "Ó dáa. Sọ ohun tó wí fún mi. Ìlà kan ti tó."

Mo lanu. Kò sí nǹkan kan lẹ́nu mi. Mo sáré lọ bá Marta, mo lọ bá àlùfáà, mo kan ilẹ̀kùn kiri. Gbogbo wọn ló búra pé èdè wa ni. Kò sẹ́ni tó rántí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo.

Nígbà tí mo padà dé, Màmá ti da aṣọ bo ẹ̀rọ náà. Ó ti bu ọbẹ̀ ẹ̀wà sínú abọ́ mi. Ó ní kí n wá jẹun, ó ti ń tutù.