Kámẹ́rà Tí Kò Ní Fíìmù

Aago mẹ́ta ọ̀sán ti kọjá díẹ̀. Ọyẹ́ bo gbogbo Kumasi, oòrùn sì funfun bí ẹni tí àìsàn ń ṣe. Oṣù kìíní ọdún 1999 ni. Ọkùnrin kan sọ̀kalẹ̀ nínú takisí níwájú ilé àlejò tí mo ti ń ru ẹrù. Kò gbé àpótí kankan. Ìwé kan ṣoṣo ló mú dání.

Ọ̀gá wa, Yaw, rẹ́rìn-ín. "Akwaaba! Ẹ káàbọ̀! Orí kọ̀ǹpútà lẹ ti rí wa, àbí?"

Èmi ni ọkùnrin náà dojú kọ, bóyá nítorí ilà ojú mi.

"Ẹ̀gbọ́n, Àlàbá lorúkọ mi, ọmọ Ìkìrun. Lọ́ńdọ̀nù ni mo wà tí mo ń wá ibi tí n ó wọ̀ sí níbí, ni mo rí àwòrán yìí. Ẹ jọ̀ọ́, ta nìyí?"

Mo wo ìwé náà. Àwòrán Bridget ló wà lára rẹ̀, ìyàwó mi tó ń dáná fún àwọn àlejò. Ó dúró nídìí ààrò, ó ń rẹ́rìn-ín.

Ọdún mọ́kànlá tí a ti jọ wà, Bridget kì í ya fọ́tò. Lọ́jọ́ ìgbéyàwó wa pàápàá, ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀ṣì ló gbà jáde nígbà tí onífọ́tò dé. Bí ẹnikẹ́ni bá sì ti Nàìjíríà dé, Bridget á kọ́kọ́ bi mí pé, "Ará ibo ni?" Bí mo bá ti dárúkọ Ìkìrun, á tilẹ̀kùn mọ́rí. Mo rò pé ìjà ẹbí ni.

Lóṣù méjì sẹ́yìn, Ọ̀gá Yaw gbé kámẹ́rà tuntun dé, kí àwọn òyìnbó lè máa wo ilé wa lórí kọ̀ǹpútà láti ìlú wọn kí wọ́n tó wá. Bridget sá. Èmi ni mo lọ mú un padà.

"Má bẹ̀rù, kò sí fíìmù nínú rẹ̀."

Ó yẹ̀ ẹ́ wò, ó bú sẹ́rìn-ín. "Kámẹ́rà wo ni kò ní fíìmù? Ohun ìṣeré ọmọdé! Ẹ yà á jàre."

Ó sì dúró.

"Ìyàwó mi ni," mo wí fún Àlàbá.

Ó fi ìka kan àpá tó wà lọ́rùn ọwọ́ Bridget nínú àwòrán náà. "Epo gbígbóná ló jó o níbẹ̀, nílé ìyá wa. Adéyínká ni, ẹ̀gbọ́n mi. Èmi gan-an wà lára àwọn tó gbé e sínú sàréè lọ́dún 1984."

"Agyei! Jacob!" Ọ̀gá Yaw, tó gbọ́ Yorùbá díẹ̀, ké "yéè" lédè Twi, ó pe orúkọ mi, ó fẹ̀yìn ti ògiri.

Ohùn ìyàwó mi jáde láti ilé ìdáná, jẹ́ẹ́jẹ́ bíi ti àtẹ̀yìnwá. "Bàálé mi, ará ibo ni?"

Kí n tó mọ̀, ẹnu mi ti sọ ọ́. "Ìkìrun."

Nǹkan kan já bọ́ lulẹ̀. Mo sáré débẹ̀, n kò bá Bridget. Ilẹ̀kùn kan ṣoṣo ni ilé ìdáná náà ní, èmi ni mo sì dúró sẹ́nu rẹ̀. Ṣíbí ṣì ń yí nílẹ̀. Sálúbàtà rẹ̀ méjèèjì wà nídìí ààrò, wọ́n kọjú sí ògiri.

Ọbẹ̀ ń hó lórí iná. Mo sọ̀ ọ́ kalẹ̀ kó má baà jó.