Fìjàgbaṣẹ́ àti Ẹni Tó Gba Ìyà Rẹ̀ Jẹ

Ìwọ tó ń ka ìwé yìí, dúró díẹ̀ kí o gbọ́ ti agbaṣẹ́ṣe kan tí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ń pè ní Fìjàgbaṣẹ́. Orúkọ náà bá a mu. Kò síṣẹ́ ìjọba tí kò lè fi ẹ̀ṣẹ́ gbà.

Ìjọba fẹ́ kọ́ ilé ẹ̀kọ́ kan. Agbaṣẹ́ṣe tó bá fẹ́ iṣẹ́ náà ní láti kọ iye tí yóò fi ṣe é sínú ìwé, kó lẹ̀ ẹ́ pa, kó sì sọ ọ́ sínú àpótí onírin tó wà lọ́fíìsì kí aago méjìlá ọ̀sán tó lù. Ẹni tó bá pẹ́, ó parí fún un nìyẹn. Fìjàgbaṣẹ́ sọ tirẹ̀ sínú àpótí láàárọ̀, ó sì wá dúró sẹ́nu géètì pẹ̀lú jàǹdùkú mẹ́rin.

Ha! Wọ́n lu èèyàn lọ́jọ́ náà. Wọ́n fọ́ ẹnu ọ̀kan, wọ́n wọ́ èkejì nílẹ̀ títí ara rẹ̀ fi bó. Ẹni kẹta ni káfíńtà kan tí òun àti Fìjàgbaṣẹ́ jọ kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ ọ̀gá kan náà.

"Ọ̀rẹ́ mi, jẹ́ kí n kọjá," ni káfíńtà wí. "Jésù fẹ́ràn ẹ, má ṣe báyìí."

"Lọ sọ fún Jésù kó wá bá ẹ gbé ìwé ẹ wọlé!" Fìjàgbaṣẹ́ fi igi dá a lápá, ó sì fa ìwé rẹ̀ ya.

Aago méjìlá lù. Akọ̀wé ìgbìmọ̀ ṣí àpótí lójú gbogbo èèyàn. Ìwé kan ṣoṣo ló bá níbẹ̀. Fìjàgbaṣẹ́ ti ń rẹ́rìn-ín.

"Òfin tuntun ní ìwé tó bá wọlé kò gbọ́dọ̀ dín ní mẹ́ta," ni akọ̀wé wí. "Níbi tí kò bá ti sẹ́ni tí wọ́n jọ figagbága, a kì í gbéṣẹ́ fún ẹnikẹ́ni. A ti fagi lé e. A óò tún un kéde."

Ẹ ò rí nǹkan! Ó fọwọ́ ara rẹ̀ ba ti ara rẹ̀ jẹ́. Inú bí i, ó fún akọ̀wé lọ́rùn. Ariwo ta. Àwọn tó lù lẹ́nu géètì àtàwọn òṣìṣẹ́ wọn ya wọlé pẹ̀lú igi àti ọkọ́. Àwọn jàǹdùkú rẹ̀ fẹsẹ̀ fẹ́ ẹ. Wọ́n lù ú ṣubú, wọ́n tún ń lù ú nílẹ̀, ẹ̀jẹ̀ bò ó lójú.

"Ẹ pa á dànù!" Ẹnì kan gbé ṣọ́bìrì sókè. Fìjàgbaṣẹ́ mọ̀ pé ikú ti dé, ó sì mọ ibi tí òun ń lọ. Ẹ̀rù bà á gan-an.

Ìgbà náà ni ẹnì kan ṣubú bò ó. Káfíńtà ni, tòun ti apá rẹ̀ tó dá. Ṣọ́bìrì náà là á lórí. Kò kúrò. Igi mẹ́ta mìíràn tún bà á lẹ́yìn kí wọ́n tó rí i pé ẹni wọn ni wọ́n ń lù.

Nílé ìwòsàn, bẹ́ẹ̀dì wọn kọjú síra.

"Kí ló dé tí o gba ìyà mi jẹ?" Fìjàgbaṣẹ́ ń sunkún bí ọmọdé.

"Jésù ti gba tèmi jẹ. Ó gba tìẹ náà jẹ. Ìwọ lo ò tíì gbà fún Un."

Ọ̀rọ̀ náà gún un lọ́kàn. Ó jẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ fún Jésù lórí bẹ́ẹ̀dì níbẹ̀, ó sì ní kí nọ́ọ̀sì pe ọlọ́pàá wá kọ gbogbo ohun tí òun ṣe sílẹ̀. Ẹ̀wọ̀n ló wà báyìí. Ìjọba ti yọ orúkọ rẹ̀ kúrò láàárín àwọn tí wọ́n lè gbéṣẹ́ fún. Síbẹ̀, ọkàn rẹ̀ balẹ̀.

Ìwọ ńkọ́? Bóyá o ò tíì lu ẹnikẹ́ni rí. Ṣùgbọ́n ẹni tí o fi ọ̀rọ̀ ẹnu gún lánàá mọ̀ ọ́, Ọlọ́run náà mọ̀ ọ́. Ìyà ẹ̀ṣẹ̀ rẹ ń bọ̀, kò sì sí ibi tí o lè sá gbà. Jésù nìkan ló lè dúró láàárín ìwọ àti ìyà náà. Kúnlẹ̀ níbi tí o wà yìí, lónìí, kí o sọ fún Un pé, "Èmi gan-an ni ìyà náà tọ́ sí, Ìwọ lo gbà á jẹ. Dárí jì mí."