Ọkọ̀ Tó Ń Ké ní Ọjọ́bọ̀

Ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tí Àlàbá bá mi sọ láyé yìí ni, "Tíṣà, ẹ ò ní bọ́ọ́lẹ̀ ni?"

Mo ní mi ò lè bọ́ọ́lẹ̀. Òótọ́ ni mo sọ. Ilẹ̀kùn ọkọ̀ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi kì í ṣí láti inú, àfi kí ẹnìkan ṣí i láti ìta. Àwọn ará Òsí rò pé ìwà jẹ́jẹ́ ló ń mú Bùrọ̀dá Ayọ̀rìndé yí ọkọ̀ po wá ṣílẹ̀kùn fún mi. Jẹ́jẹ́ wo? Irin inú ilẹ̀kùn ló kán!

Ọdún 1981 nìyẹn. Mo ń kọ́ àwọn ọmọ kíláàsì kẹta nílé ìwé, Bùrọ̀dá sì jẹ́ akọ̀wé ní ọ́fíìsì káńsù. Òun ni ọkọ àfẹ́sọ́nà mi. Ọkọ̀ rẹ̀ ti ń ké láti bí oṣù mẹ́fà, ó ń ké fíììn bí ẹ̀fọn tó wọ ènìyàn létí. Bí ó bá tẹ iná mọ́ ọn, igbe náà á túbọ̀ ròkè, kò sì sí ẹni tó lè gbọ́ ọ̀rọ̀ ẹnìkejì mọ́.

Ọjọ́ yẹn, ó já ọkọ̀ sílẹ̀ níwájú ṣọ́ọ̀bù Àlàbá ríwáyà, tó ń tún iná ọkọ̀ ṣe. Ó ní, "Ẹ bá mi wò ó, ìpàdé ń dúró dè mí. Damaris, jókòó tì í." Ó sì lọ. Bí mo ṣe wà nínú oòrùn nìyẹn, tí mò ń làágùn, títí Àlàbá fi wá ṣílẹ̀kùn fún mi.

Ó tan ọkọ̀, ó ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì. Ó mú sukudiráífà gígùn kan tó ní èèkù igi, ó fi ẹnu irin rẹ̀ kan ara ẹ́ńjìnnì, ó fi èèkù rẹ̀ sétí. Ó dijú. Ó gbé e lọ síbòmíràn, ó tún dijú. Mo bú sẹ́rìn-ín.

"Ṣé dókítà ni yín ni?"

"Ẹ wá gbọ́, kí ẹ tó máa fi mí ṣẹ̀sín."

Mo fi etí sí i. Lára ẹ́ńjìnnì, ohun tí mo gbọ́ kò ju gbù-gbù-gbù lọ. Ó wá sún irin náà sára ohun roboto kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Yéè! Igbe náà wọnú orí mi lọ tààrà, bí ẹni tí wọ́n fọwọ́ bò lẹ́nu tó sì ń sunkún.

"Ọ̀tánétọ̀ nìyẹn," ó wí. "Òun ló ń fún bátìrì lágbára. Ibẹ̀ ni àìsàn náà wà."

"Ṣùgbọ́n àwọn tó ti tún un ṣe ní bẹ́líìtì ni."

"Wọ́n rò bẹ́ẹ̀. Wọ́n pààrọ̀ rọ́bà bẹ́líìtì tó ń yí i, wọ́n fún un le kó má baà ké. Ó tún ké, wọ́n tún fún un le sí i. Fífún yẹn gan-an ló jẹ bẹ́rìn inú rẹ̀, òrùka irin tó ń jẹ́ kó yí geere."

Ó tú bẹ́líìtì kúrò, ó tan ọkọ̀ díẹ̀. Igbe dá wáí. Ó pa á, ó ní kí n fi ọwọ́ ara mi yí kẹ̀kẹ́ kékeré tó wà níwájú ọ̀tánétọ̀ náà. Ó ń ha mọ́ mi lọ́wọ́ bí ìgbà tí iyanrìn wọnú àgbàdo tí à ń lọ̀.

"Ẹ rí i?" ó wí. "Ó ń jìyà, wọ́n sì ń fún un le kí ó lè dákẹ́."

Mi ò mọ ohun tó ṣe mí. Omi bọ́ lójú mi. Girísì kún ọwọ́ Àlàbá, kò lè fún mi ní áńkáṣíìfù. Ó kàn kọ ẹ̀yìn sí mi, ó ń to sípánà rẹ̀ títí mo fi nu ojú tán. Ibẹ̀ ni mo ti bẹ̀rẹ̀ sí fẹ́ràn rẹ̀, n kò ní parọ́ fún yín.

Kò sí irú bẹ́rìn náà ní Ìlọrin. Ó ránṣẹ́ sí Ìbàdàn, ó sì gba ọ̀sẹ̀ mẹ́ta; ó dá bẹ́líìtì padà kí Bùrọ̀dá lè máa wa ọkọ̀ náà títí yóò fi dé. Nínú ọ̀sẹ̀ mẹ́ta yẹn, ojoojúmọ́ tí ilé ìwé bá ti jáde ni mò ń ya ṣọ́ọ̀bù, mo ní mo wá béèrè bẹ́rìn. Bẹ́rìn wo! Ó bi mí ní oríkì mi, mo ní Àbẹ̀bí ni. Láti ọjọ́ náà, kò pè mí ní Tíṣà mọ́. "Àbẹ̀bí mi, o ti jẹun?" Bó ṣe máa ń kí mi nìyẹn, ara mi á sì yá gágá.

Ṣùgbọ́n kí ni mo lè ṣe? Bàbá mi, Ògúndípẹ̀, àgbẹ̀ ni, àìsàn kíndìnrín sì ti dá a dúró lóko. Gbogbo Ọjọ́bọ̀ ni ó gbọ́dọ̀ lọ sí ọsibítù, ọ̀nà náà sì jìn. Fún odidi ọdún kan, Bùrọ̀dá Ayọ̀rìndé ló ń gbé e lọ, tó ń gbé e bọ̀, láìráhùn. Nígbà tí ó wá ní òun fẹ́ mi, ta ni yóò ní kí n má gbà? Èmi gan-an ò mọ bí a ṣe ń sọ bẹ́ẹ̀ kọ́.

Mo fẹnu ba orúkọ Àlàbá lọ́dọ̀ ìyá mi. Ó ju abẹ̀bẹ̀ ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀.

"Ríwáyà? Ríwáyà tí kò ní kẹ̀kẹ́ ológeere? Ta ni yóò máa gbé bàbá rẹ lọ́jọ́ Ọjọ́bọ̀?"

"Yèyé, mi ò nífẹ̀ẹ́ Bùrọ̀dá."

"Wàá nífẹ̀ẹ́ rẹ̀ tí o bá délé rẹ̀. Máà pa bàbá rẹ o, Damaris."

Wọ́n bẹ̀rẹ̀ ìkéde ìgbéyàwó wa ní ṣọ́ọ̀ṣì. Lẹ́ẹ̀mẹta ni wọ́n máa ń kéde rẹ̀. Ní Ọjọ́bọ̀ tó tẹ̀lé ìkéde àkọ́kọ́, mo jókòó níwájú ọkọ̀, Bàbá wà lẹ́yìn, ọkọ̀ ń ké kíkankíkan. Ó bọ́ lẹ́nu mi lójijì: "Mi ò fẹ́ ìgbéyàwó yìí!"

"Kí lo wí?" Bùrọ̀dá kígbe.

Ojora mú mi. "Mo ní òjò ń bọ̀!"

Ó wo ojú ọ̀run. Oòrùn ń ràn bí nǹkan míì. Ó tún tẹ iná mọ́ ọkọ̀.

Ìkéde kejì kọjá. Bẹ́rìn dé láti Ìbàdàn. Mo bá Àlàbá ní ṣọ́ọ̀bù, ó ti tú ọ̀tánétọ̀ palẹ̀ sórí àpò.

"Àlàbá, máà tún un ṣe. Fi ti àtijọ́ sí i padà. Jẹ́ kó kú sójú ọ̀nà lọ́jọ́ ìgbéyàwó."

Ó gbé sípánà sílẹ̀. "Tó bá wá kú mọ́ Bàbá lọ́nà ọsibítù ńkọ́?"

Mo tẹjú mọ́ bẹ́rìn orí àpò náà.

"Àbẹ̀bí, mo fẹ́ràn rẹ ju bí mo ṣe lè sọ lọ. Ṣùgbọ́n mi ò ní ba iṣẹ́ mi jẹ́. Tí o kò bá fẹ́ ọkùnrin yẹn, ẹnu rẹ ni kí o fi sọ fún un. Má rán ọkọ̀ níṣẹ́."

Inú bí mi. Mo pè é ní ojo. Mo ní ọkùnrin gidi ì bá ti gbé mi sá lọ. Ó kàn ń fi òòlù rọra gbá bẹ́rìn tuntun wọlé. Mo sunkún délé.

Ọjọ́bọ̀ dé. Ọkọ̀ náà dákẹ́ rọ́rọ́. Inú Bùrọ̀dá dùn bí ọmọdé, ó ń wí pé, "Bàbá, ẹ gbọ́ nǹkan? Kò sí nǹkan kan!" Èmi ò rí ibi fara pa mọ́ sí mọ́. À ń bọ̀ láti ọsibítù, a ti kọjá Ìsọlọ̀-Òpin, ó ní, "Ọjọ́ Ìsinmi yìí ni ìkéde kẹta. Ó parí nìyẹn."

"Bùrọ̀dá, mi ò fẹ́ yín."

Mi ò pariwo rárá. Gbogbo wa la gbọ́ ọ. Ó dá ọkọ̀ dúró lẹ́bàá ọ̀nà.

"Kí ni mo ṣe fún ọ?"

"Oore lẹ ṣe. Mi ò ní gbàgbé rẹ̀ láéláé. Ṣùgbọ́n mi ò nífẹ̀ẹ́ yín, ẹ dárí jì mí."

Ẹ̀rù bà mí láti wẹ̀yìn. Ohùn Bàbá ni mo gbọ́.

"Damaris. Mo gbọ́ ọ lọ́jọ́ yẹn."

"Ọjọ́ wo, Bàbá?"

"Ọjọ́ tí o ní òjò ń bọ̀. Ẹ̀yìn rẹ gan-an ni mo jókòó sí. Mo gbọ́ ohun tí o kọ́kọ́ sọ." Ó fọwọ́ kan èjìká mi. "Mo ro ẹni tí yóò máa gbé mi. Mo bá dákẹ́. Sọ̀ kalẹ̀, ọmọ mi."

Mi ò dúró kí ẹnikẹ́ni yí ọkọ̀ po. Mo yí gíláàsì wálẹ̀, mo na ọwọ́ jáde, mo ṣí ilẹ̀kùn láti ìta. Gíláàsì yẹn kò bàjẹ́ rí. Títí di òní, mi ò mọ ìdí tí mi ò fi ṣe é láti ọjọ́ yìí wá.

"Màá gbé Bàbá délé," Bùrọ̀dá wí, kò wo ojú mi. Ènìyàn rere ni, kò sẹ́ni tó máa sọ pé kì í ṣe bẹ́ẹ̀ lójú mi.

Mo fẹsẹ̀ rìn dé Òsí. Nígbà tí Àlàbá rí mi, tí eruku bò mí dé orúnkún, tí kò rí ọkọ̀, ó fò dìde.

"Ó tún ké? Tuntun ni bẹ́rìn yẹn o! Èmi fúnra mi ni mo—"

"Kò ké."

"Ọkọ̀ dà?"

"Ó ti lọ. Kò dún pínńpín. Èmi ni mo bọ́ọ́lẹ̀."

Mò ń retí ọ̀rọ̀ dídùn, bí ọmọbìnrin ṣe máa ń retí. Ohun tó jáde lẹ́nu rẹ̀ ni, "Bàbá ńkọ́, Ọjọ́bọ̀ tó ń bọ̀?"

"Bọ́ọ̀sì ni."

"Aago mélòó?"

"Méje àárọ̀."

"Màá ti wà níbẹ̀."

Wọn ò ka orúkọ èmi àti Bùrọ̀dá lọ́jọ́ Ìsinmi náà, ìlú sì fi mí sọ̀rọ̀ tó. Odindi oṣù méjì ni Yèyé fi bá mi yodì. Ó tó ọdún kan ààbọ̀ kí wọ́n tó ka orúkọ èmi àti Àlàbá nínú ṣọ́ọ̀ṣì yẹn kan náà, Yèyé ló sì jó jù níbẹ̀.

Ṣùgbọ́n Ọjọ́bọ̀ àkọ́kọ́ yẹn ni mo máa ń rántí jù. Àlàbá ti ń dúró ní ibùdókọ̀ ká tó débẹ̀, ó ti fọ girísì ọwọ́ rẹ̀ títí awọ fi fẹ́ bó. Ó dọ̀bálẹ̀ fún Bàbá. Bàbá kọjá lára rẹ̀, ó wọ bọ́ọ̀sì. Ó jókòó sí àárín wa. Bí bọ́ọ̀sì ṣe ṣí, ohun kan bẹ̀rẹ̀ sí ké níwájú, wíìn, wíìn.

Bàbá yíjú sí Àlàbá fún ìgbà àkọ́kọ́. "Ìwọ, kí ló ń ké yẹn?"

Àlàbá tẹ́tí díẹ̀. "Bẹ́líìtì ni, Bàbá. Ti Bùrọ̀dá ni wọ́n fún le jù, eléyìí ni kò le tó."

Bàbá mi, tí kò rẹ́rìn-ín láti ọdún kan, bẹ̀rẹ̀ sí rẹ́rìn-ín, ó sì di ọwọ́ mi mú.