Owó Ọkà Tí Kò Tíì Hù

Ojú nìkan ni Kellan Fehr kọ́kọ́ rí lára Darya Melnychuk. Ojú méjì ni, tó ń tàn lẹ́yìn ìbòjú onírin bí ojú ológbò tó ba sínú àjà. Tìmùtìmù tí aṣọ́lé họ́kì máa ń wọ̀ ló bo gbogbo ara yòókù, débi pé èèyàn ò lè mọ̀ bóyá ọkùnrin ni tàbí obìnrin.

Ọ̀sẹ̀ Kérésìmesì ni, lórí pápá yìnyín ìta gbangba tó wà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì ní Harrow Lake. Òtútù ọjọ́ náà mú tó bẹ́ẹ̀ tí irùngbọ̀n àwọn ọkùnrin fi di funfun. Kellan wá kí àwọn òbí rẹ̀ láti ìlú ńlá tó ti ń gba owó oṣù nídìí họ́kì. Ọmọ ọdún méjìlélógún ni, gbogbo ìlú sì ti yí yìnyín ká láti wo irú bírà tó máa dá.

Ó gbá rọ́bà dúdú pẹlẹbẹ tí wọ́n fi ń gbá họ́kì, aṣọ́lé fi ẹsẹ̀ tì í nù. Ó tún un gbá, aṣọ́lé fi ìbọ̀wọ́ hán an lófuurufú. Ó wá ṣe bí ẹni tó ń lọ sápá ọ̀tún, ó yà sósì lójijì, ó gbá a kíkankíkan. Aṣọ́lé ti dúró dè é níbẹ̀, bíi pé ó ti gbọ́ ohun tó ń gbèrò nínú ọkàn rẹ̀.

"Ọ̀gá, ṣé kí n tiẹ̀ lọ mu kọfí ná, kí ẹ tó gbá èyí tó máa wọlé?" Ohùn obìnrin ló jáde láti ẹ̀yìn ìbòjú náà.

Àwọn èèyàn bú sẹ́rìn-ín. Obìnrin náà ṣí ìbòjú sókè, irun rẹ̀ pupa bí ewé ìgbà ìwọ́wé, òógùn sì ń rú èéfín lórí rẹ̀ nínú òtútù. Igi họ́kì fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́ lọ́wọ́ Kellan.

"Ta ni ẹ́?"

"Darya, ọmọ Melnychuk tó ń tún katakata ṣe. O ò lè mọ̀ mí. Nígbà tí mo ti ń ṣọ́lé fáwọn ọkùnrin, ìwọ ṣì ń sunkún pé bàtà onírin tá a fi ń sáré lórí yìnyín ń há ẹ lẹ́sẹ̀."

"Ọdún mélòó lo fi jù mí lọ gan-an?"

"Méjì. Ó tó kó o máa pè mí ní ẹ̀gbọ́n."

"Ó dáa, ẹ̀gbọ́n mi. Ṣé ẹ máa jẹ́ kí n ra kọfí yẹn fún yín?"

Ibẹ̀ ni ìfẹ́ wọn ti bẹ̀rẹ̀. Ọ̀dọ̀ Ìyá Wiebe tó ni ilé kọfí ìlú ni wọ́n ti mu kọfí náà títí ó fi tutù nínú ife, tí Ìyá Wiebe sì ń nu tábìlì kan náà lẹ́ẹ̀mẹta kó lè gbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ.

Darya kì í ṣe ẹni yẹpẹrẹ nídìí iṣẹ́ náà. Òun ni aṣọ́lé ẹgbẹ́ àwọn obìnrin, ó sì ti bá wọn gba ife ẹ̀ẹ̀mejì. Àmọ́ owó tí wọ́n ń san fáwọn obìnrin ò tó jẹun ọdún. Bí ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn bá dé, ọkọ̀ akọ́kà, èyí tí wọ́n fi ń kó ọkà kúrò lóko, ló máa ń wà fáwọn àgbẹ̀.

Kellan padà síbi iṣẹ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n kò sí ìdíje tó gbá tí kì í pe Darya lẹ́yìn rẹ̀.

"Dídùn mi, ṣó o wò mí?"

"Mo wò ẹ́. O ti ń wo ibi tó o máa gbá a sí kó o tó gbá a. Bí èmi bá wà nílé yẹn, ò bá ti sùn lébi."

"Gbogbo ìlú ń yìn mí, ìwọ nìkan lò ń bú mi."

"Gbogbo ìlú ò fẹ́ ẹ bí mo ṣe fẹ́ ẹ."

Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń ṣe títí yìnyín fi bẹ̀rẹ̀ sí í yọ́, tí ìdíje àṣekágbá sì dé.

Àṣà kan wà láàárín àwọn ìyàwó àti àfẹ́sọ́nà àwọn agbáhọ́kì. Bí ìdíje àṣekágbá bá ti dé, wọ́n á rán jákẹ́ẹ̀tì kan náà, olúkúlùkù obìnrin á sì gbé nọ́ńbà ọkùnrin tirẹ̀ sẹ́yìn. Wọ́n á jókòó pọ̀ lójú kan, tẹlifíṣọ̀n á máa fi wọ́n hàn.

"Ìyàwó olórí ẹgbẹ́ wa ń bi mí ní ìwọ̀n ara ẹ," Kellan sọ fún un lórí fóònù. "Wọ́n fẹ́ rán jákẹ́ẹ̀tì ẹ."

"Kellan, èmi náà ní nọ́ńbà. Àtikékeré ló ti wà lẹ́yìn mi. Mi ò lè yọ tèmi kí n wá gbé tìẹ kọ́."

"Jákẹ́ẹ̀tì lásán ni, Darya."

"Tó bá jẹ́ lásán ni, ìwọ wọ tèmi."

Kellan rẹ́rìn-ín. Òun nìkan ló rẹ́rìn-ín.

Ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, Darya jókòó ti ìyá rẹ̀ níwájú tẹlifíṣọ̀n. Àwọn obìnrin náà yọ lójú kan, gbogbo wọn wọ búlúù. Ọ̀kan dìde láti pàtẹ́wọ́, ó sì kọ ẹ̀yìn. Nọ́ńbà Kellan ló wà lẹ́yìn rẹ̀ gbàgàdà. Nígbà tó yíjú padà, Brielle ni, ọmọbìnrin tí Kellan ń fẹ́ tẹ́lẹ̀ kó tó pàdé Darya.

"Ta nìyẹn?" ìyá rẹ̀ béèrè.

"Mi ò mọ̀ ọ́n," ni Darya wí, bẹ́ẹ̀ ó mọ̀ ọ́n dáadáa.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ ò le. Ìyàwó olórí ẹgbẹ́ ti fojú díwọ̀n, ó sì ti rán jákẹ́ẹ̀tì náà kó tó gbọ́ pé Darya kọ̀ ọ́. Ọ̀rẹ́ ìyàwó olórí ẹgbẹ́ náà ni Brielle, ó wá wòran, òtútù mú un, wọ́n ní kó fi bora. Kellan rí i láti orí yìnyín, kò sì sọ nǹkan kan.

Láti ọjọ́ náà ni owú ti wọlé tọ Darya. Owú kì í dúró kí wọ́n fún òun ní ìjókòó. Àga rẹ̀ ló máa ń gbé dání wá. Darya ò lè jẹun dáadáa mọ́. Bí fóònù Kellan bá wọlé, á wò ó títí tí yóò fi dákẹ́, á sì wá bínú pé kò tún pè.

Àkókò yẹn gan-an ni ìròyìn jáde pé ẹgbẹ́ Kellan fẹ́ fún un ní àdéhùn ọdún mẹ́jọ, owó tí gbogbo àgbẹ̀ agbègbè wa lápapọ̀ ò lè kó jọ. Ó yani lẹ́nu, torí ọdún méjì péré ló tíì gbá, kò sì tíì gba ife kankan. Ohun tí wọ́n gbà pé yóò dà lọ́jọ́ iwájú ni wọ́n fẹ́ sanwó fún. Ọ̀rọ̀ náà dìjà ní ilé kọfí.

"Wèrè ni wọ́n," ni Otto, àgbàlagbà tó ń fọ yìnyín pápá, wí. "Ta ní ń sanwó màlúù fún ọmọ màlúù?"

"Ìwọ lò ń sọ bẹ́ẹ̀," Ìyá Wiebe dá a lóhùn, "ìwọ tó o fẹ́yàwó torí pé bàbá rẹ̀ nílẹ̀, tí ilẹ̀ náà ò sì dé ọwọ́ ẹ títí dòní."

Rédíò ìlú kejì wá pe Darya. Wọ́n ní òun ló mọ iṣẹ́ náà, kó sọ èrò tirẹ̀: ṣé ó yẹ kí wọ́n máa kó irú owó bẹ́ẹ̀ fáwọn ọ̀dọ́?

"Kò yẹ," ni Darya wí. "Kí wọ́n kọ́kọ́ ṣe é ká rí i. Àwọn kan wà tí wọ́n ti ṣe é, tí wọ́n ti gbé ife wálé, ọkọ̀ akọ́kà ni wọ́n sì ń wà jẹun. Ní ti Kellan Fehr, èmi ò ní fún un ju ọdún méjì lọ."

"Ṣé kì í ṣe olólùfẹ́ yín ni?"

"Ìyẹn ni mo fi mọ̀ ọ́n."

Kí oúnjẹ ọ̀sán tó jinná, gbogbo ìlú ti gbọ́. Kellan pè.

"Ṣé lóòótọ́ lo sọ ọ́?"

"Mo sọ ọ́. Brielle ńkọ́? Ṣé òun ní kó o gba ọdún mẹ́jọ ni?"

"Kí ló kan Brielle níbí?"

"Bi ẹ̀yìn rẹ̀ léèrè. Nọ́ńbà ẹ ló wà níbẹ̀."

Wọn ò tún bá ara wọn sọ̀rọ̀ mọ́. Ẹgbẹ́ Kellan fìdí rẹmi nínú ìdíje náà, ó sì wálé sí oko bàbá rẹ̀. Bí òun àti Darya bá pàdé níbi tí wọ́n ti ń ra epo ọkọ̀, ọ̀kan á máa wo ojú ọ̀run, èkejì á máa wo táyà.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kan nínú oṣù keje, Darya àti ìyá rẹ̀ ń di ọ̀dùnkún gígún sínú ìyẹ̀fun pípò fún oúnjẹ ọjọ́ Àìkú.

"Inú ẹ á dùn báyìí," ìyá rẹ̀ wí láìgbójú sókè. "Ọmọ Fehr ti ní òun ò gba ọdún mẹ́jọ mọ́. Ó ní ọdún méjì ló tọ́ sóun, pé ẹni tó mọ òun jù lọ ló sọ bẹ́ẹ̀. Ọjọ́ Ẹtì ló máa fún wọn lésì. Bó bá kọ̀, ọ̀dọ́ mìíràn ni wọ́n máa kó owó náà fún. Bó bá sì wá fara pa láàárín ọdún méjì yẹn, ó parí nìyẹn."

Ọwọ́ Darya dúró nínú ìyẹ̀fun. Ohun tó rò pé òun fẹ́ gan-an nìyẹn, àmọ́ nígbà tó dé, ó korò lẹ́nu rẹ̀. Kò tilẹ̀ ṣan ọwọ́ kó tó wọ ọkọ̀.

Abram Fehr, bàbá Kellan, ló kọ́kọ́ bá létí oko, tó ń fọwọ́ pa ṣírí àlìkámà wò.

"Ẹ káàsán, sà."

"Rédíò ò sí níbí o," ni bàbá náà dá a lóhùn.

Darya gbé e mì. "Kellan ni mo wá rí, sà."

"Kí lo tún fẹ́ sọ fún un? Pé kó wá máa gbá a lọ́fẹ̀ẹ́?"

"Bàbá, àlìkámà yìí, ṣé ẹ ti tà á?"

"Ìdajì rẹ̀. Láti oṣù kejì."

"Yìnyín ṣì wà lórí ilẹ̀ nígbà yẹn. Kí làwọn tó rà á rí?"

Bàbá náà wò ó lọ, wò ó bọ̀. "Wọ́n mọ ilẹ̀ yìí. Wọ́n mọ ẹni tó ń ro ó." Ó bọ́ fìlà. "Mi ò ta ju ìdajì lọ rí ṣá. Lọ́dún tí òjò yìnyín pa oko wa, ọkà ọlọ́kà la rà láti fi pé àdéhùn. Ọlọ́run ló yọ wá. Síbẹ̀, ẹni tó tà á kì í ṣolè, ẹni tó rà á kì í ṣe òmùgọ̀."

Kellan jáde láti ẹ̀yìn ẹ̀rọ ìkórè tó ń tún ṣe, gíríìsì dé ìgúnpá rẹ̀.

"Ṣé ẹ̀gbọ́n mi wá dá sí ọ̀rọ̀ mi ni?"

"Mo wá bẹ̀ ẹ́ ni," Darya wí. Kò yí ojú kúrò. "Má fi owú mi ṣe ọgbọ́n ẹ."

"Owú Brielle?"

"Ti Brielle ni mo lè pè ní owú. Èyí tó kù, ìlara lorúkọ rẹ̀. Ìwọ gan-an ni mò ń ṣe ìlara ẹ, Kellan. Wọ́n wò ẹ́, wọ́n rí ọ̀la. Wọ́n wo èmi pẹ̀lú ife méjì lọ́wọ́, àná ni wọ́n rí. Kò sẹ́ni tó bi mí rí pé kí ni màá dà."

Kellan rìn sún mọ́ ọn.

"Irọ́ kọ́ ni mo pa," Darya ń bá a lọ. "Bí wọ́n ṣe ń lé ọjọ́ iwájú, tí wọ́n ń gbàgbé àwọn tó ti ṣiṣẹ́, kò dáa, màá sì tún un sọ. Àmọ́ ọdún méjì tí mo dárúkọ fún ẹ yẹn, ìlara ló dárúkọ rẹ̀. Mo mọ ohun tó wà lọ́wọ́ ẹ. Rọ́bà tó o gbá sí mi ní Kérésìmesì, ó mú ọwọ́ mi wú, mi ò kàn jẹ́ kó o mọ̀ ni."

Kellan fi ọwọ́ nu iwájú orí, gíríìsì náà yí i lójú. "Mo rí jákẹ́ẹ̀tì yẹn lọ́rùn Brielle," ó wí jẹ́ẹ́. "Ǹ bá ní kí wọ́n bọ́ ọ. Àmọ́ mo fẹ́ kó o rí i, kó dùn ẹ́, torí o kọ tèmi. Lọ́jọ́ tó o fi ife yín hàn mí ní ilé kọfí, tí gbogbo èèyàn ń pariwo orúkọ ẹ, mo pàtẹ́wọ́, ṣùgbọ́n inú mi ń ta mí. Èmi ò tíì gbé nǹkan kan wálé rí."

"Olúwa o, ẹ̀yin méjèèjì!" ni Abram kígbe, ó ti lọ dúró nídìí ẹ̀rọ ìkórè. "Ẹ kúkú jowú ara yín tán, kẹ́nì kan wá bá mi di irin yìí mú!"

Darya bú sẹ́rìn-ín pẹ̀lú omijé. Ó lọ di irin náà mú.

"Kí wá ni kí n ṣe?" Kellan béèrè.

"Má bi mí. Bi ara ẹ bóyá o lè ru ẹrù ohun tí wọ́n ń retí, bí òjò yìnyín bá rọ̀."

Kellan wo oko títí. Nígbà tó di ọjọ́ Ẹtì, ọdún márùn-ún ló ní òun gbà. Ó ní òun ò ní ta gbogbo oko lẹ́ẹ̀kan. Àwọn ọ̀gá rẹ̀ kùn, aṣojú tó ń bá a dúnàá owó bínú, ṣùgbọ́n wọ́n gbà. Orí bọ́nẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ bàbá rẹ̀ ló ti tọwọ́ bọ ìwé náà, Darya sì jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ tó ń jẹ èso beri.

"Ìwọ ńkọ́?" Kellan yíjú sí i. "Ọdún mélòó lo máa fún mi?"

"Àwọn yẹn sanwó fún ohun tó o máa dà. Èmi, bó o ṣe wà yìí náà ni mo mú."

"Láìdá ọdún?"

"Láìdá ọdún. Ṣùgbọ́n mo ṣì máa ṣọ́lé mi, n ò ní pa á tì kí n wá jókòó tì ẹ́."

"Mo gbà. Ọ̀pọ̀ lo rà mí o, ìyàwó mi."

"Mo mọ̀. Má sọ fún aṣojú ẹ."

Àwọn àgbẹ̀ wa kì í ráyè ìgbéyàwó nígbà ìkórè àfi bí òjò bá rọ̀. Torí náà wọn ò dá ọjọ́. Nígbà tí òjò rọ̀ wálẹ̀ lọ́jọ́ kan ní ìparí oṣù kẹjọ, àlùfáà gbọ́ ìpè, ìlú pé jọ, wọ́n so wọ́n pọ̀ ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì nígbà tí òjò dá. Brielle wá, ó dì mọ́ ìyàwó. Darya náà dì mọ́ ọn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò pẹ́ tó fi tú ọwọ́ ká.

Wọ́n ń jẹun lọ́wọ́ nígbà tí oòrùn là, tí atẹ́gùn gbígbẹ sì bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ́. Abram ń wo ojú fèrèsé. Gbogbo ọkùnrin ń wo ojú fèrèsé. Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́, ọkà ti gbẹ, ìyàwó fúnra rẹ̀ ló sì kọ́kọ́ dìde. Ó ká aṣọ funfun rẹ̀ dé orúnkún, ó wọ bàtà oko, ó gun ọkọ̀ akọ́kà.

Kellan wa ẹ̀rọ ìkórè, Darya sì wa ọkọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, wọ́n jọ ń rìn ní ìwọ̀n kan náà, ọkà pupa rẹ́súrẹ́sú ń ya lu ẹ̀yìn ọkọ̀ bí omi.

"Ìlara ńkọ́?" Kellan kígbe láti òkè.

"Ó wà níbí! Ó jókòó tì mí!" ni Darya kígbe padà.

"Ní kó de bẹ́líìtì!"