Ọ̀nà tí Omi Gbà Lábẹ́ Àpáta

"Dà á síbẹ̀ jàre!" Roukaya sọ fún ọ̀rẹ́ rẹ̀. "Wo bí ó ṣe ń wọlé lọ wìì!"

Faïzath rẹ́rìn-ín. Omi ẹ̀gẹ́ tí wọ́n fún nígbà tí wọ́n ń ṣe gàrí ló kún inú bàsíà tí àwọn méjèèjì rù. Tata Kafilatou, àbúrò ìyá Faïzath, ló ni ibi tí wọ́n ti ń ṣe gàrí náà, ní abúlé kan nítòsí Alafiarou. Ó ti kìlọ̀ fún wọn pé inú kòtò ẹ̀yìn oko ni kí wọ́n máa da omi náà sí. Ṣùgbọ́n kòtò jìnnà, oòrùn sì mú. Faïzath da tirẹ̀ sí ibi tí àpáta ti sán. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń ṣe lójoojúmọ́.

Kò pẹ́, omi kànga ìsàlẹ̀ àdúgbò bẹ̀rẹ̀ sí í kan. Ewúrẹ́ gbọ́ òórùn rẹ̀, ó yí ẹnu kúrò. Odò tó jìnnà ni àwọn obìnrin wá ń lọ, àwọn àgbà sì ń gbèrò láti dí kànga náà pa.

Ní kíláàsì, olùkọ́ wọn ṣàlàyé pé omi tó wà lábẹ́ ilẹ̀ olókùúta máa ń gba ibi tí òkúta ti sán, láti ọ̀kan dé òmíràn, títí yóò fi dé inú kànga. Faïzath yíjú sí ọ̀rẹ́ rẹ̀.

"Roukaya, àwa la ba kànga yẹn jẹ́!"

"Pa ẹnu rẹ mọ́! Ta ló rí wa?"

Faïzath fẹ́ dákẹ́ lóòótọ́, torí ó bẹ̀rù Tata. Ṣùgbọ́n nígbà tó rí ìyá rẹ̀ àgbà tó ru omi odò bọ̀, tó ń mí hẹlẹhẹlẹ lábẹ́ igi òrí, ara rẹ̀ kò gbà á mọ́. Ó lọ jẹ́wọ́ fún Tata.

Ọ̀rọ̀ náà pa Tata lẹ́rìn-ín. "Omi wo ló ń la àpáta kọjá?"

"Tata, ẹ jẹ́ kí n fi hàn yín."

Faïzath se póró ọkà bàbà tí àwọn Fúlàní fi ń sọ wàrà di pupa, títí omi rẹ̀ fi pọ́n. Ìkòkò ńlá ńlá ló sè. Roukaya fajú ro, síbẹ̀ ó bá a gbé e. Wọ́n da gbogbo rẹ̀ sí ibi tí àpáta ti sán.

Lọ́jọ́ kejì, àdúgbò pé sídìí kànga. Omi tí wọ́n kọ́kọ́ fà mọ́ kedere. Àwọn kan pòṣé, wọ́n bá ọ̀nà ilé lọ. Faïzath kò kúrò níbẹ̀. Nígbà tí oòrùn rọlẹ̀, Tata fúnra rẹ̀ fa okùn. Omi tó gòkè wá pọ́n rẹ́súrẹ́sú!

Gbogbo ènìyàn sún mọ́ ọn láti wò ó. Ni ìyá àgbà bá pariwo pé, "Ẹ wá ra wàrà o! Kànga wa ti ń ṣe wàrà!" Ẹ̀rín bo ibẹ̀ pitimu.

Tata fa Faïzath mọ́ra. "Ẹ ṣẹ̀, ẹ ó sì gbẹ́ kòtò tuntun fún omi ẹ̀gẹ́ níbi tí kò sí àpáta. Ṣùgbọ́n òtítọ́ rẹ ló gba kànga wa là."

Àwọn méjèèjì bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ́lẹ̀. Àwọn ọ̀rẹ́ wọn gbé ọkọ́ wá bá wọn, orin sì gba ẹnu gbogbo wọn títí iṣẹ́ fi parí. Nígbà tí òjò rọ̀ dáadáa, omi kànga mọ́, ó sì padà dùn. Ìyá àgbà ló kọ́kọ́ mu ún. Ó nu ẹnu, ó sì jó.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ohun tí a bá dà sílẹ̀ níkọ̀kọ̀ lè di mímu fún ẹlòmíràn. Bí a bá sì ti ṣe àṣìṣe, ká tètè sọ òtítọ́ kí ó tó di ohun tí ọwọ́ kò ká mọ́.